Ìran Kẹrin Nínú Eré Màmá Ọ̀fẹ́

Inú Màmá Ọ̀fẹ́ máa ń dùn bí wọ́n bá pè é ní Màmá Ọ̀fẹ́, àmọ́ kò jẹ́ gbà. Bí àwọn ọmọdé bá kí i bẹ́ẹ̀ ní títì, á fajú ro, á ní ta ló sọ òun lórúkọ yẹn, á wá rọra máa rìn lọ kí wọ́n lè ráyè pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Búrẹ́dì ló fi rówó. Ó dúró ti ààrò búrẹ́dì títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ló bá kó ilé iṣẹ́ náà lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó jókòó sílé, ó wá ń wá ohun rere tí yóò fowó ṣe. Ó pín ìwé fáwọn ọmọ iléèwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó pín awò ojú fáwọn àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan àwọn tójú wọn ò ṣe nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í lè sọ̀rọ̀ méjì kó má fi ẹ̀fẹ̀ sí ọ̀kan, máa ń sọ pé bí ìyàwó òun bá gbọ́ tẹ́nì kan sín, kí onítọ̀hún tó nu imú tán, ó ti kọ́ ọsibítù fún un.

Nígbà tí olóòtú eré rédíò kan wá a wálé, ibi tó ti ń wá nǹkan ṣe gan-an ló bá a. Ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni olóòtú yìí, tí ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe eré nípa ohun tójú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé ń rí: àwọn tó ń se oúnjẹ, àwọn tó ń fọṣọ, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní àbá òfin tó yẹ kó gbèjà wọn ti wà nílẹ̀ tipẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin, kò sẹ́ni tó ń gbé e yẹ̀ wò, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ìtàn wọn rí. Màmá Ọ̀fẹ́ nujú. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, àánú wọn ṣe é dénú. Kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Ó ní kí wọ́n má wá owó lọ síbòmíràn mọ́.

Ọgbà ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìfilọ́lẹ̀. Àlejò kún ibẹ̀ bámúbámú. Olóòtú ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́: wọ́n á gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn, wọ́n á fi ṣeré láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí eré náà tó jáde, wọ́n á pe àwọn tó ni ìtàn wá gbọ́ ọ, ẹni tí tiẹ̀ ò bá sì tẹ́ lọ́rùn á ní kí wọ́n yọ ọ́. Ibẹ̀ ni Màmá Ọ̀fẹ́ ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò sí lára àwọn olówó tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fowó sílẹ̀ tán, wọ́n á tún máa tojú bọ iṣẹ́ oníṣẹ́. Ó ní ẹni tó ni ìtàn nìkan ló láṣẹ láti yọ ohunkóhun, pé bí òun fúnra òun bá ní kí wọ́n yọ ikọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n má dá òun lóhùn. Àtẹ́wọ́ sọ. Ọkọ rẹ̀ náà pàtẹ́wọ́, ó sì sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé ó wu òun kẹ́nì kan gba ohùn yẹn sílẹ̀.

Oṣù díẹ̀ kọjá, wọ́n pè é wá gbọ́ apá àkọ́kọ́, tí yóò jáde lórí rédíò lọ́jọ́ Ẹtì. Yàrá kékeré kan ni, tí wọ́n lẹ fóòmù mọ́ gbogbo ògiri rẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì. Wọ́n fi Màmá Ọ̀fẹ́ sórí àga tó dáa jù. Àwọn obìnrin mélòó kan tó ni ìtàn jókòó sẹ́yìn, lórí bẹ́ǹṣì. Ìran kìíní pa á lẹ́rìn-ín. Ìkejì mú un sunkún. Nígbà tó di ìkẹta, ó ti ń bá ọ̀gá obìnrin inú eré náà, tí wọ́n kàn ń pè ní Mádàámù, jà níbi tó jókòó sí. Ó ní irú obìnrin báyìí ló yẹ kí wọ́n máa tì mọ́lé.

Ìran kẹrin bẹ̀rẹ̀. Mádàámù wọ kíṣínì, ó bá ẹni tó ń se oúnjẹ fún un lórí garawa tó dojú dé, níbi tó ti ń sinmi ẹsẹ̀. Ó fẹsẹ̀ ti garawa náà, ó ní, “Kíṣínì mi kì í ṣe pálọ̀. Tó o bá fẹ́ jókòó, ilé yín ni kó o lọ jókòó sí.”

Àwọn obìnrin ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kì í ṣe ti ayọ̀. Màmá Ọ̀fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn, bó ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pálọ̀ àti gbogbo ẹ̀. Láti ọdún tó ti bá obìnrin tó ń se oúnjẹ nílé rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Kúùkù, lórí àpótí ìjókòó nínú kíṣínì, ló ti gbé àpótí náà kúrò. Kò sí nǹkan ìjókòó kankan nínú kíṣínì yẹn títí dòní. Gbogbo ẹni tó bá ti jẹun nílé rẹ̀ ló sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí, torí ó máa ń sọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé. Àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀hún kan náà ló ti ní kí wọ́n wá jókòó sí pálọ̀ òun lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n jọ gbọ́ eré.

Ó pe olóòtú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní gbogbo rẹ̀ dáa, àmọ́ ìran kẹrin ti gùn jù. Olóòtú ní ìran yẹn ló kúrú jù lọ. Ó ní ariwo garawa yẹn ò jọ ti garawa. Olóòtú ní garawa gidi ni, ó tiẹ̀ wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀ yẹn. Ó wá ní kí wọ́n kúkú yọ ọ́ nítorí òun. Ọmọbìnrin náà tẹ orúnkún díẹ̀.

“Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó ni ìtàn nìkan ló lè yọ ọ́.”

Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Ó béèrè ta ló ni ìtàn ọ̀hún. Olóòtú ní àwọn ti ṣèlérí pé àwọn ò ní dárúkọ, ó sì tún tẹ orúnkún.

Nínú mọ́tò, ó ń ro ẹni tó lè tú àṣírí òun. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò bá ṣe Kúùkù? Òun fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé àwọn tó ń gba ìtàn wá sílé, òun ló ṣí kíṣínì fún wọn, òun ló ní kí wọ́n béèrè ohun tó bá wù wọ́n. Kúùkù tó fún ní bàtà! Kúùkù tó fún ní awò ojú! Nígbà tó máa fi délé, ó ti ka oore tó ṣe fún obìnrin náà títí dé orí ìgbálẹ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àga, ó ní wọ́n ti fi ìran kan bú òun o.

Ọkùnrin náà ò jẹ́ kó parí rẹ̀. “Èwo? Ti ìjókòó kíṣínì ni?”

Ó bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní ta ni ò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé ìròyìn bojú, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Màmá Ọ̀fẹ́ wọ kíṣínì. Kúùkù wà lórí ìdúró níwájú tábìlì, ó ń gé àlùbọ́sà. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ à-jókòó-sọ ni. Màmá Ọ̀fẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò ríbi fìdí lé. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọ̀nà. Ló bá fara ti fíríìjì, fíríìjì náà sì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ yin àlùbọ́sà náà. Ó béèrè bóyá iná gáàsì ń jó dáadáa. Ìgbà tí kò rí nǹkan mìíràn yìn mọ́, ó ní òun ò bínú, òun kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni, kó pe àwọn eléré yẹn, kó ní kí wọ́n yọ ti ìjókòó yẹn kúrò kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Kúùkù gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, mà.”

“Wọn ò bi ọ́ ni?”

“Wọ́n bi mí. Mo ní ọ̀gá mi dáa, pé mi ò ní ẹjọ́ kankan.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi àlùbọ́sà lójú. “Ẹ̀yin lẹ mú wọn wá, mà. Mọ́tò yín ni wọ́n bá wá, ẹ̀yin lẹ sì ń sanwó fún wọn. Kí ni kí n sọ?”

Ohun àkọ́kọ́ tó sọ sí Màmá Ọ̀fẹ́ lọ́kàn ni ìtura, ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Mádàámù ẹlòmíì ni, bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀! Ilé ẹlòmíì ni garawa náà wà! Ó lè bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó lọ́jọ́ Ẹtì, kó bá wọn bú obìnrin burúkú náà, kó sì tún mi orí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kọjá ẹnu ọ̀nà kó tó yé e pé kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kan òun. Òun lòun fẹsẹ̀ ara òun wá jẹ́wọ́ nínú kíṣínì. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé owó tó ní òun fi ń la ẹnu àwọn èèyàn yìí, owó náà ló pa ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ lẹ́nu mọ́. Ó yí padà.

“Tí kì í bá ṣe mọ́tò mi ni wọ́n bá wá, kí lò bá sọ fún wọn?”

Kúùkù kó àlùbọ́sà tó ti gé sínú àwo. Ó ní kì í ṣe ti ìjókòó, ìyẹn ti mọ́ òun lára. Ó ní ọmọ òun obìnrin parí iléèwé nọ́ọ̀sì lọ́dún yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí, wọ́n máa ń pe ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde kó wá dé fìlà nọ́ọ̀sì sórí ọmọ rẹ̀. Òun tọrọ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ Màmá Ọ̀fẹ́, wọ́n ní òun ò lè lọ, pé ta ló máa gbé oúnjẹ fáwọn àlejò.

Màmá Ọ̀fẹ́ ò rántí. Ó wá a lọ́kàn títí, kò rí i. Ó ní àlejò wo.

“Àwọn tó wá síbi ìfilọ́lẹ̀ eré yìí, mà. Mo ń gbé oúnjẹ kiri nígbà tẹ́ ẹ gba ẹ̀rọ yẹn, tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa àwa òṣìṣẹ́ inú ilé.” Ó tún ojú nù. “Mo pàtẹ́wọ́.”

“Ta ló wá dé fìlà fún un?”

“Ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni.”

Ojú ti Màmá Ọ̀fẹ́. Ojú tì í gidi, kì í ṣe irú èyí tí a fi ń ṣe fáàrí. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá báàgì fúnra rẹ̀, bí ìṣe rẹ̀, bóyá kó fún ọmọ náà ní nǹkan, bóyá kó ra bàtà nọ́ọ̀sì fún un, àti aago. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú báàgì, ó sì fà á jáde lófo. Kò sí nǹkan tí wọ́n ń tà tó lè dá fìlà yẹn padà. Ó sọ fún Kúùkù pé òun jẹ̀bi, pé kó má bínú. Kúùkù ní ó ti tán, mà, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí kò tíì tán.

Màmá Ọ̀fẹ́ pe olóòtú lórí fóònù níbi tó dúró sí. Ó ní kí wọ́n fi ìran kẹrin sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ní ẹnì kan ń bẹ tó ṣì ní ìtàn tí kò tíì sọ, kí wọ́n bá a sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n ti pàdé, kó má ṣe jẹ́ ilé òun, kí wọ́n má sì bá mọ́tò òun lọ. Ó ní bó bá kan owó, owó náà ń bọ̀ bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́, ohun yòówù kí wọ́n gbọ́. Ó wá na fóònù sí Kúùkù.

Kúùkù nu ọwọ́ lára épírọ́ọ̀nù kó tó gbà á. “Ṣé kí n sọ gbogbo ẹ̀, mà?”

“Má bi mí,” ni Màmá Ọ̀fẹ́ wí. “Látòní lọ, má bi mí lórí ìyẹn mọ́.”

Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó ní ta ló lé ìyálé ilé jáde nínú kíṣínì ara rẹ̀. Màmá Ọ̀fẹ́ ní kó lọ jókòó. Láti inú ilé, ohùn Kúùkù kọ́kọ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yára, ó sì lọ sókè, ohùn tí Màmá Ọ̀fẹ́ ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé. Ó wù ú kó fetí sí i, ẹ ẹ̀ mọ bó ṣe wù ú tó. Ó rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó rìn débi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó tún rìn síwájú, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ tí gbogbo ayé bá gbọ́ ọ lòun náà máa gbọ́ ọ, owó òun ló sì máa gbé e jáde.