Koríko Orí Òrùlé Walt

"Walt! Onígbàjámọ̀ tí orí tirẹ̀ kún bí igbó!" Duane Petrie ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti iwájú ilé rẹ̀ ní òdìkejì títì, ife kọfí lọ́wọ́. "Tí mo bá da ewúrẹ́ mẹ́ta sórí ilé rẹ yẹn, wọ́n á jẹ, wọ́n á yó, wọ́n á tún bímọ síbẹ̀!"

Walt Niska fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú, ó gbójú sókè wo Maren ọmọ rẹ̀, tó kúnlẹ̀ lórí òrùlé, tó ń fi rúlà kékeré kan wọn bí koríko ibẹ̀ ṣe ga tó.

"Dádì, ẹ má dá a lóhùn o," ni Maren wí láti òkè.

"Ṣé o gbọ́ ohùn mi ni? Wọn koríko rẹ jàre."

Duane kò kúkú purọ́. Ní gbogbo Astoria, láti etí odò títí dé orí òkè, kò sí káfíńtà òrùlé tí wọ́n mọ̀ tó Walt. Òjò ìlú náà kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá, ibi tí òjò bá sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, koríko wínníwínní kan a máa hù sórí pákó òrùlé, a rí múlọ́múlọ́ bí rọ́ọ̀gì. A fa omi sára, pákó a sì máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Walt ni wọ́n máa ń pè pé kó wá ha á. Ogójì ọdún ló ti ń ha koríko kúrò lórí ilé onílé, ohun tó fi tọ́ ọmọ nìyẹn. Àmọ́ orí ilé tirẹ̀ gan-an, ní ìhà àríwá tí oòrùn kì í dé, koríko ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá.

Maren ló fà á. Ó ti di ọdún mẹ́fà tó ti ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Uppsala, lọ́hùn-ún ní Sweden, koríko òrùlé yìí náà ló sì ń ṣèwádìí rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ wálé fún ìsinmi, ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má ha ìhà yẹn mọ́, kí òun lè máa wọ̀n ọ́n nígbàkúùgbà tí òun bá dé. "Ohun tí mo ti ń pa láti ìgbà èwe mi," ni Walt wí, "òun ni ìwọ fẹ́ máa sìn bí ẹran ọ̀sìn?" Ó sì gbé irin tó fi ń ha òrùlé lọ sínú ilé ọkọ̀, kò fi kan ìhà yẹn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Duane ti rí ohun fi ṣe yẹ̀yẹ́. Opó kan lórí òkè tilẹ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó ní ẹni tí kò lè tọ́jú orí ilé ara rẹ̀ kò ní gun ti òun.

Walt fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò bi Maren léèrè rí ohun tó ń rí nínú koríko ọ̀hún. Bí Maren bá ní òun fẹ́ ṣàlàyé, á ní, "Ó dáa, ó dáa," á sì yí tẹlifíṣọ̀n sókè. Ó ń dun Maren gan-an ni. Ó mọ̀ pé bàbá òun fẹ́ràn òun. Ó kàn ń wù ú pé kó fẹ́ràn iṣẹ́ òun náà, bó ti wù kó kéré mọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Darla, ìyá rẹ̀, gbé ẹja sámọ́nù sísun àti ọ̀dùnkún ka iwájú wọn. "Ìgbà wo gan-an ni wọ́n á fún ọ ní oyè yìí?" ó béèrè. "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti bi mí títí, ojú ti ń tì mí."

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá, Mọ́mì. Ọjọ́ yẹn ni màá dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, tí wọ́n á máa da ìbéèrè bò mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ìwé ìwádìí mi mọ́ ògiri."

Fọ́ọ̀kì Walt dúró sójú kan. "O ní kí lo máa ṣe?"

"Màá kan án mọ́ ògiri. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Èèyàn á fi hámà àti ìṣó gbé ìwé rẹ̀ kọ́ sára pátákó ńlá kan, kí ẹni tó bá fẹ́ lè wá kà á kí ọjọ́ tó pé."

"Hámà gidi?"

"Hámà gidi, Dádì."

"Irú igi wo ni pátákó náà?"

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé. "N ò mọ̀ o. Ó jọ igi páìnì."

"Ó jọ! Ẹ wá wo ọ̀mọ̀wé tí kò mọ igi!" Walt ti ti àwo ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìṣó ńkọ́, báwo ló ṣe gùn tó? Ìwé náà ńkọ́, báwo ló ṣe nípọn tó? Darla, bá mi mú bírò wá."

Kí wọ́n tó kó àwo nílẹ̀, Walt ti gbà láti ṣe ohun tí Darla ti ń bẹ̀ ẹ́ fún láti ọdún mẹ́fà, pé kó wọ bàálù lọ wo ibi tí ọmọ wọn ń gbé. Ẹni tó ń gun òrùlé kiri láti ogójì ọdún, ẹ̀rù bàálù ló ń bà á! Ó máa ń sọ pé, "Bí mo bá já lórí òrùlé, èmi ni mo já ara mi. Bí bàálù bá já, ta ni màá bá wí?" Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kíá, kí n tó yí ọkàn padà." Darla kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó ra ti ọjọ́ oyè náà, èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, irú èyí tí wọn kì í bá èèyàn sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí Maren ń padà lọ, Walt fi aṣọ ìnura àtijọ́ kan wé hámà rẹ̀, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí ọmọ rẹ̀. "Má fi hámà àjèjì kan ohun tó jẹ́ tìrẹ," ó ní.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gẹ́lẹ́, lọ́jọ́ Ẹtì kan, bí aago méjì ọ̀sán ṣe lu ní yunifásítì Uppsala, èèyàn ti pé yí pátákó ká. Ní Astoria, aago márùn-ún ìdájí ni. Maren gbé fóònù ti kẹ́tùlù kọfí lórí tábìlì tí wọ́n to àkàrà òyìnbó àti wàràkàṣì sí, kí bàbá àti ìyá rẹ̀ lè máa wo gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Walt ti dé fìlà iṣẹ́, bí ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún. Roland, tó ń mójú tó ilé ẹ̀kọ́ náà, dúró pẹ̀lú òǹtẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó gbé hámà kékeré onídẹ kan lọ́wọ́ kejì.

"Ṣé ìyẹn lo fẹ́ lò?" ó bi Maren, bó ṣe ń wo hámà ńlá ọwọ́ rẹ̀.

"Ti bàbá mi ni, Roland."

"Hẹn-ẹn." Ó gbé hámà kékeré rẹ̀ sórí tábìlì, ó wá dà bí ìyàwó ilé tí wọ́n kọ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀.

Gunvor, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ Maren sọ́nà, rọra sọ sí i létí pé, "Rántí o, lù ú díẹ̀ ni. Jẹ́ kí orí ìṣó yọ síta."

Maren mi orí. Ó fi ìṣó sínú ihò tí wọ́n ti lu sí igun ìwé náà, ó gbé hámà sókè.

"Maren! Ọwọ́ rẹ ti sún mọ́ orí hámà jù! Ìdí ẹ̀ ni kó o dì mú!" Inú fóònù orí tábìlì ni ohùn náà ti wá. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Maren sún ọwọ́ sísàlẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lórí òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

"Ìṣó tó bá yọrí síta..." ni Walt ké.

"Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé!" ni Maren dáhùn, kò tilẹ̀ rò ó. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó tún lù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Ìṣó wọlé ṣinṣin.

"Ìṣó nìyẹn!" Walt ń pàtẹ́wọ́ ní Astoria. Ní Uppsala, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Roland sún mọ́ pátákó, ó fi ìka gbé èèpo ìwé náà. Kò ṣí. Ó tún gbé e. Kò ṣí.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí," ó ní. "Ojú mi ò rí irú èyí rí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" ni Walt béèrè.

"Dádì, ìwé náà ò ṣí mọ́."

"Kí ni wọ́n fẹ́ máa ṣí i fún?"

"Kí wọ́n lè kà á! Mo sọ fún yín nídìí ẹja!"

Darla sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn Walt pé, "Ó sọ ọ́, Walt. Igi lo gbọ́."

Roland kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n òfin lòfin. Ìwé tí kò ṣeé kà, wọn ò tíì gbé e kọ́. Èyí tó bá sì ya, kò ní lu òǹtẹ̀ fún un. Bí aago mẹ́ta bá kọjá láìsí òǹtẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní pé mọ́, àwọn ẹ̀dà ìwé tó kù sì ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Wọ́n á sún ọjọ́ náà di oṣù kọkànlá nìyẹn," ni Gunvor wí.

Tíkẹ́ẹ̀tì bàbá Maren kò ṣeé sún. Ó sì mọ ẹni tó bí i: Walt tó gbà láti wọ bàálù lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbà lẹ́ẹ̀kejì. Omi lé sí i lójú. Ó yí hámà padà, ó fi ẹnu rẹ̀ tó là sí méjì kọ́ orí ìṣó, ó fẹ́ fà á yọ tipátipá.

"Gbọ́wọ́ rẹ kúrò níbẹ̀!" Ohùn Walt fẹ́rẹ̀ẹ́ bi kẹ́tùlù ṣubú. "Ọmọ ta ni ọ́ gan-an? Bí pákó kan bá bàjẹ́ láàárín èyí tó dáa, báwo la ṣe ń yọ ìṣó rẹ̀?"

Maren fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Irin pẹlẹbẹ la máa ń kì bọ abẹ́ rẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Wá irin pẹlẹbẹ. Kó má nípọn jù."

Roland ló rìn lọ sídìí tábìlì, ó mú abẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ha wàràkàṣì, ó fi ṣòkòtò rẹ̀ nù ún, ó sì gbé e síwájú fóònù. "Ṣé èyí á ṣe é?"

"Ọ̀gá, kí nìyẹn?"

"Wàràkàṣì la fi ń gé."

"Ọlọ́run ló rán yín. Ẹ gbé e fún un."

Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ pátákó. "Rọra," ni Walt ń wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Má fà á. Máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, kó o máa mì í, bí ẹni ń jí ọmọ tó ń sùn. Ẹ̀n-ẹ́n. Dúró. Tún mì í." Orí ìṣó gbéra bí ìbú irun. Ó tún gbéra. Walt ní kó ká aṣọ ìnura tó fi wé hámà lé orí ìwé náà, kó wá fi ẹnu hámà gbé ìṣó lórí aṣọ náà. Ìṣó ń bọ̀ síta jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ó tó! Fi í síbẹ̀!"

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Roland ṣí èèpo ìwé náà, ó ṣí ojú ewé kìíní, ó ṣí ìkejì. Ó fi àtàǹpàkò pa ibi roboto tí orí ìṣó ti tẹ̀ wọlé lára èèpo, ó pa á títí tí Maren fi rò pé aago ti lu.

"Kò ya," ó ní. "Ó kàn tẹ̀ díẹ̀ ni." Ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn gbì.

Àtẹ́wọ́ wá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Gunvor dì mọ́ Maren, èyí tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́fà.

"Ọ̀gá Roland," ni Walt pè láàárín ariwo náà, "níwọ̀n ìgbà tó ti ṣí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka nǹkan níbẹ̀ fún mi. Ibi tó bá wù yín."

Roland gbé awò sójú, ó ṣí ibi tí iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe máa ń ka òfin ló ṣe kà á: "Ibi àkọ́kọ́ tí a ti wọn koríko yìí ni ìhà àríwá òrùlé Walt Niska, káfíńtà òrùlé, ní Astoria. Onílé náà ò fọwọ́ kàn án fún ọdún mẹ́fà, bí kò bá sì ṣe sùúrù rẹ̀ ni, ìwé yìí ì bá má sí."

Walt ṣí fìlà, ó tún dé e padà. "Orúkọ mi wà níbẹ̀?"

"Ìgbà mọ́kànlélógójì, Dádì," ni Maren wí. "Iṣẹ́ ti parí. Ẹ lè ha òrùlé yín báyìí, kí Duane lè rí nǹkan míì sọ."

Ilẹ̀ ti ń mọ́ lẹ́yìn Walt ní Astoria, wọ́n ń gbọ́ ìró òjò lórí ilé náà, ó ń dún rọ́rọ́ níbi tí koríko wà. Ó gbójú sókè wo àjà, lẹ́yìn náà ló sún mọ́ fóònù.

"Maren," ó ní, "nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò ò bá rọ̀, kí ló máa ń rí mu?"

Àwọn èèyàn ń pe Maren pé kó wá gé àkàrà òyìnbó rẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó ti fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Kọfí rẹ̀ tutù síbẹ̀. Walt gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò ní "ó dáa, ó dáa," lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.