Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Wọn Òṣì ní Ilé Wa

Àlejò kì í bá mi nílé kó jókòó lórí àpótí. Ìyá tó bí mi l'Ógbómọ̀ṣọ́ ò gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà ò gbà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Mojíbọ́lá, ọmọ ọmọ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan ní òpópónà Bajulaiye, ló gbọ́ ọ níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ó ní ìjọba fẹ́ mọ iye tálákà tó wà ní Ṣómólú. Ilé tí òṣì rẹ̀ bá dé ojú ìwọ̀n, wọ́n á fún un ní káàdì tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú mi kan ti lọ láti ọdún tó kọjá, awọ funfun ti ń bo èkejì. Iye tí ilé ìwòsàn sì pè, bí wọ́n bá ta èmi àti Mojíbọ́lá pọ̀, owó náà kò lè pé.

"Màmá, ẹ má ṣe nǹkan kan," ló wí kó tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Ẹ ṣáà jókòó bí ẹ ṣe wà."

Bí mo ṣe wà kẹ̀? Àpótí kan, ẹní kan, sítóòfù tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Kí ọmọ ọlọ́mọ wá bá mi báyẹn? Mo kan ilẹ̀kùn Tabitha, opó tó ń gbé òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tó ń ta ẹja gbígbẹ láti Ìlàjẹ.

"Tabitha, yá mi ní àga tìmùtìmù rẹ. Àlejò ń bọ̀."

"Àga nìkan? Ooru á pa á. Ẹ gbé fáànù. Omi tútù ńkọ́?"

La bá ti fíríìjì rẹ̀ kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sílíńdà gáàsì náà tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, yàrá mi ti di ti ìyàwó ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù.

Hameedat lorúkọ ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan dání. Mo fún un lómi tútù. Ó mu ún, ó wo fíríìjì, ó ya á ní fọ́tò.

"Gáàsì lẹ fi ń dáná, Màmá?"

"Gáàsì ni."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ̀ ń jẹun lójúmọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nígbà míì, mẹ́rin." Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Ìwé mélòó lẹ kà?"

Mo ní mẹ́fà. Méjì ni mo kà. Bàbá mi ní kí n dúró kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa lọ. Òun náà fi ìwé tirẹ̀ wé ẹ̀pà jẹ.

"Símẹ́ǹtì ni ilẹ̀ yín?"

"Àbí o rí omi lẹ́sẹ̀ rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ọmọ ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Mo ní mẹ́ta. Èyí ni n ò purọ́ sí.

"Láàárín ọdún márùn-ún sí ìsinsìnyí?"

"Rárá, ó ti pẹ́."

"A jẹ́ pé wọn ò sí lára èyí tí à ń kà nìyẹn, Màmá."

Mo wò ó. N ò mọ̀ pé ọjọ́ orí òkú náà máa ń pọ̀ jù. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú oríire. Ilé yín ò sí lára tálákà." Ẹnu mi ti dúpẹ́ kí etí mi tó gbọ́.

Ó kọjá sọ́dọ̀ Tabitha. Yàrá náà ń dún bí ìgò òfìfo.

"Fíríìjì ńkọ́?"

"Kò sí."

"Fáànù? Àga?"

Tabitha bojú wò mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo dúró sí. Kò fẹ́ dójú tì mí. "Ilẹ̀ là ń jókòó sí," ló wí. Ni ẹ̀rọ bá ní káàdì tọ́ sí Tabitha, ẹni tí ojú rẹ̀ mú débi tó fi ń rí eegun ẹja nísàlẹ̀ ọ̀sà.

Àsìkò yẹn ni Mojíbọ́lá yà wálé. Ó rí fíríìjì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màmá," ló wí, "ẹ máa fọ́jú nítorí àga."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi jáde. Mo di ọwọ́ Hameedat mú lẹ́nu ọ̀nà, lójú gbogbo ayálégbé. "Irọ́ ni mo pa fún ọ. Nínú gbogbo ohun tó o rí, àpótí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nìkan ni tèmi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. "Màmá, fọ́tò ti wọlé. Fíríìjì tí a bá ti ya, kò ṣeé yọ mọ́."

"Kí ló wá ṣeé yọ?"

Ó ronú. "Ènìyàn. Ẹni tó bá kó kúrò, mo lè yọ orúkọ rẹ̀, kí n kọ ọ́ síbi tó kó lọ."

"Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá kó wá," Tabitha dáhùn.

"Ìgbà wo?"

"Ìsinsìnyí tá à ń sọ̀rọ̀ yìí."

Hameedat ní ó dáa, àmọ́ ìkòkò kan náà la gbọ́dọ̀ máa jẹ, yàrá kan náà la gbọ́dọ̀ máa sùn. Ọ̀gá òun lè yọjú nígbàkigbà wá wò ó. Mo ká ẹní mi, mo ré ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá.

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. A ò lè dá ẹrù padà, nítorí ọ̀gá. Mojíbọ́lá tí ẹ̀rọ pè ní olówó nìkan ló ń sùn lábẹ́ fáànù. Tabitha a máa kan ilẹ̀kùn kó tó bu omi tútù nínú fíríìjì ara rẹ̀. Èmi àti òun ń fi páálí fẹ́ ara wa. Ọbẹ̀ rẹ̀ sì rèé, ata rẹ̀ ń jó mi dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Káàdì jáde lánàá, pẹ̀lú orúkọ mi nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ṣí ojú náà. Kí wọ́n tètè ṣí i, kí n lè rí ohun tí obìnrin yìí ń dà sínú ìkòkò.