Iṣu Tí Damasio Fi Pamọ́

Ìkùukùu òwúrọ̀ erékùṣù Pohnpei bo igbó bí aṣọ àlà, Damasio sì ń rìn nínú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó di ẹyin mọ́ ìbàdí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó dá fa gbòǹgbò sakau, èyí tí wọ́n ń fún mu kí ara lè fúyẹ́, tí ọkùnrin mẹ́rin ń fà, tó tún yí ara níbi tó ti ń fà á. Iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ já fín-ín, ó sì nà gbalaja sílẹ̀ bí ahun tí wọ́n dojú ẹ̀ sókè.

Ketihna ìyàwó rẹ̀ ló ń fi òróró àgbọn tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ra á, òun náà ló ń lé e jáde láràárọ̀ kó lè rìn dé odò.

"Ẹ̀yìn tó bá sùn jù á gan," ni obìnrin náà wí. "Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo ju abọ́ lọ. Bẹ́ẹ bá tún fà á, ẹlẹ́dẹ̀ ni màá máa fi òróró mi ra!"

Lọ́la ni àsè ọba, òní sì ni wọ́n ń gbé iṣu lọ sí ààfin. Bí iṣu ọkùnrin bá ṣe tóbi tó ni oyè rẹ̀ ṣe ń ga tó, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ yọjú wo oko iṣu ẹlòmíràn. Ọdún méjì ni Damasio fi pa tirẹ̀ mọ́. Ta ni yóò wá pè kó bá a gbé e?

Sakau tó mu lálẹ́ àná ṣì wà lára rẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú, ẹ̀yìn náà dà bí ẹ̀yìn ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tó dé ìdí iṣu rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó rọra ń wa ilẹ̀, títí iṣu náà fi yọ, ó sùn gbọọrọ bí ọkọ̀ ojú omi tó ń lálàá.

"Ẹ̀yìn mi ti san," ló wí, ló bá kì í mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yìn ta á kíá! Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, òógùn bò ó. Oyè dùn, ṣùgbọ́n ta ní í jẹ oyè lórí ẹní àìsàn? Ó gbójú sókè, ó pe àbúrò ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ti ń sá pamọ́ fún jù lọ:

"Ewalt o!"

Kò tíì panu dé tí Ewalt fi yọ lẹ́yìn igi, òun àti ọkùnrin márùn-ún pẹ̀lú ọ̀pá gígùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà pẹ́ o! Ìyàwó yín ní ká má yọjú àfi tẹ́ẹ bá pè. Ẹ̀fọn ti fẹ́ẹ̀ jẹ wá tán."

"O mọ ibí?"

"Ta lẹ rò pé ó ń roko ìdí ẹ̀ látìgbà tẹ́ẹ ti dùbúlẹ̀? Àmọ́ mi ò wò ó o! Mo dijú ni."

"O dijú roko?"

"Ẹ wo ọwọ́ mi."

Ìka mẹ́rin ló fi aṣọ dì. Damasio rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú.

Wọ́n so iṣu mọ́ ọ̀pá, wọ́n tẹ orúnkún, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Damasio bá ń sún èjìká rẹ̀ bọ̀ lábẹ́ ọ̀pá.

"Ẹ gbé èjìká yẹn kúrò!" ni Ewalt pariwo. "Ẹ máa lọ níwájú, kẹ́ẹ máa yan."

Ó ṣíwájú lọ́wọ́ òfo nínú ìkùukùu, ó ń yan bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ẹnìkan ké pé ta ló ni iṣu ńlá yìí. Damasio kò tíì la ẹnu tí ohùn mẹ́fà fi pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn.