Fèrèsé Àlàájà Inshirah

"Tún ìmọ́lẹ̀ yẹn kún," Ọ̀gá Medhat sọ láti ẹ̀yìn mi. "Yàrá òkú lo yà yìí. Ta ló fẹ́ ra sàárè?"

Mo fi kún un. Lójú kọ̀ǹpútà, àtùpà ara ògiri tàn yòò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń ràn ká bí epo tó kán sí aṣọ.

"Ó kù."

"Ọ̀gá, yàrá ẹ̀yìn nìyí. Oòrùn kì í débẹ̀."

"Ṣé èmi ni mo bí oòrùn ni, Safinaz? Iná ni mo ní kí o tàn, mi ò ní kí o kọ́lé."

Àwòrán tí à ń yà fún àwọn tó fẹ́ ra ilé tí a kò tíì kọ́ dà bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé awò dúdú ńlá tí à ń fi wò ó dé ojú, ẹ̀rọ á ká ẹní náà yí i ká, etí ọ̀tún á pàdé etí òsì lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí a bá fi kún un kò mọ̀ pé etí méjèèjì máa pàdé. Ibi tí ẹní bá pin sí ni ó ń dúró. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ yí àwòrán náà kí etí rẹ̀ bọ́ sí àárín, kó tó tan iná. Mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, oníbàárà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò yí i.

Inshirah ló wọlé, opó awakọ̀ ojú irin kan ní àdúgbò Imbaba. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni òun àti Nadra, ọmọbìnrin rẹ̀ ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ń gbé. Ikọ́ fée ń bá ọmọ náà jà. Dókítà ti ní àfi kó máa sùn níbi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ oníwúrà tí ọkọ fi gbé ìyá níyàwó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ti pinnu láti tà wọ́n fi ra ilé.

Mo gbé awò náà dé e lójú. Ó na ọwọ́ bí afọ́jú, ó fẹ́ fọwọ́ kan àga tí kò sí. Ó wá yíjú sẹ́yìn.

"Kí nìyí? Ìlà ìmọ́lẹ̀ kan dúró gbọọrọ lára ògiri níbí."

Ibi tí etí méjèèjì ti pàdé ni, apá kan mọ́lẹ̀, apá kejì ṣókùnkùn. Mo la ẹnu. Ọ̀gá Medhat fi bàtà tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

"Fèrèsé ni, Àlàájà. Wọn ò tíì ṣí i tán ni. Ìlà-oòrùn ló kọjú sí. Bí ẹ bá ṣe ń kírun òwúrọ̀ tán báyìí, oòrùn á wọlé wá kí yín."

"Ibẹ̀ ni màá gbé bẹ́ẹ̀dì Nadra sí," ó wí. Omijé ń jáde lábẹ́ awò náà. "Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi."

Nígbà tó lọ, mo ní, "Ọ̀gá, àṣìṣe ni ìlà yẹn."

"Àṣìṣe tó ń tajà. Fi sí gbogbo yàrá ẹ̀yìn tó kù."

Yàrá mọ́kànlá ni. Mo fi sí gbogbo wọn.

Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún Inshirah. Ògiri dídán ló bá níbi tí fèrèsé yẹ kó wà. Ó wá sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹta, Ọ̀gá Medhat kò sì jáde sí i rí. Ó kàn ń ránṣẹ́ sí wa: "Ẹ sọ fún un pé àwọn bíríkìlà ló gbàgbé. Wọ́n ń bọ̀ wá ṣí i." Òtútù dé, omi ń sun lára ògiri. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, èémí Nadra há. Inshirah gbé òòlù, ó ní òun á fọwọ́ ara òun ṣí fèrèsé náà. Ó fọ́ bíríkì, ó bá bíríkì mìíràn. Ògiri ilé kejì ni. Ó fọ́ ìyẹn náà.

Ọ̀gá Medhat fi ẹjọ́ sùn pé ó ba ilé jẹ́. Wọ́n pe èmi tí mo ya àwòrán sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ìyá, kí lẹ ń wá nínú ògiri?" ọ̀gá ọlọ́pàá bi í.

"Fèrèsé."

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà, tíì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù. "Nínú ilé onílé?"

"Ẹ bi ọmọbìnrin yẹn. Òun ló gbé e lé mi lójú."

Ọ̀gá ọlọ́pàá kọjú sí mi. Ìwé àwòrán ilé wà lórí tábìlì. Ọ̀gá Medhat ń tẹ fóònù rẹ̀.

"Fèrèsé wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ó wà níbẹ̀ rí?"

"Rárá."

"Fọwọ́ sí ohun tí o sọ."

Òótọ́ ni mo sọ. Mo fọwọ́ sí i. Wọ́n mú Inshirah wọ inú àtìmọ́lé títí di ọjọ́ Àìkú, tí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kí adájọ́ tó jókòó.

Nadra wà lórí àtẹ̀gùn níta, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Ó di ọwọ́ aṣọ mi mú.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ya ilé wa. Ṣé ẹ ti ṣàlàyé fún wọn?"

Mo ní mo ti ṣàlàyé.