Áńgẹ́lì Tó Fọwọ́ Gbé Bàtà

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé mi ò rántí kírun lákòókò. Èmi Jàfárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ajẹ́ńtì ilẹ̀ ní Ìkòtún, mo ti mú èèyàn méjìlá dé orí ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí, èmi fúnra mi sì ń sùn nínú yàrá tó ń jò.

Ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù ìjọba, jáde ni. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń wá ilẹ̀ kiri inú igbó. Nọ́ọ̀sì kan, Ìyá Abraham, tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, wá bá mi. Ó ní bí mo bá fi ilẹ̀ tó dáa han òun tóun sì rà á, òun á fún mi ní náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún.

Mo mú un lọ sí Bàrúwà ní kùtùkùtù. Ìkùukùu bo gbogbo àbàtà, a ò rí ju ẹsẹ̀ wa lọ. Mo bọ́ bàtà, mo gbé e lọ́wọ́, mo ṣáájú. Nígbà tá a gun òkè díẹ̀, a rí igi kan tó funfun báláú. Ṣé ẹ rí i, lékeléke ló bò ó. Gbogbo wọn fò lẹ́ẹ̀kan náà, igi náà sì di aláwọ̀ ewé lójú wa. Ìyá Abraham kúnlẹ̀ sínú ìrì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbọ́ pé ó ti gba ẹ̀yìn mi lọ bá Bàbá Táyéwò, olórí ẹbí onílẹ̀, ó ti san ẹgbẹ̀ta náírà. Mo lọ béèrè ọgọ́ta náírà mi lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Jàfárù, Ẹ̀mí ló fi ilẹ̀ yẹn hàn mí lójú àlá kó o tó mú mi débẹ̀," ó ní. "Owó ọkọ̀ ni mo jẹ ọ́, ṣá."

Owó ọkọ̀! Bàbá Táyéwò ti ní kí n fi ọgọ́ta náírà yẹn ṣe àsanlẹ̀ ilẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ti Ìyá Abraham kó tó di Jímọ́ọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíì ti ń dúró. Orí mi gbóná. Mo fẹjọ́ sùn Bàbá, mo ro gbogbo ìrìn wa fún un.

Ní Alàmísì, a jókòó síwájú Bàbá àtàwọn àgbà ẹbí. Ìyá Abraham wọ sùtánà funfun ìjọ rẹ̀, kò wọ bàtà, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

"Rọ́ àlá náà," Bàbá ní. "Má fi nǹkan kan sílẹ̀."

Ó di ojú. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ débi pé èmi tí mò ń bínú náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó ń sọ.

"Ìkùukùu ni gbogbo ibẹ̀. Áńgẹ́lì kan ń lọ níwájú mi, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ibi tó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò ni mò ń tẹ̀. A dé ìdí igi funfun kan. Lójijì, ilé mi ti wà níbẹ̀, òjò ń rọ̀."

"Ṣé áńgẹ́lì náà ń fò ni?"

"Rárá, sà. Ó ń fẹsẹ̀ rìn nínú omi."

"Kí ló mú lọ́wọ́?"

Ìyá Abraham lajú. Irú wọn kì í fi àlá purọ́, mo gbóríyìn fún un.

"Bàtà rẹ̀ ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Áńgẹ́lì wo ló ń bẹ̀rù ẹrẹ̀? Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ni yóò ti jẹ, àbí?"

Mo ti fẹ́ máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ò tíì parí. Èmi ló ń wò báyìí.

"Ó ku ibì kan tí mi ò rọ́ fún wòlíì wa pàápàá. Nígbà tí mo wọlé, mo pè é kó wá yà fún òjò. Kò wọlé. Ó dúró síta, ó gbé bàtà rẹ̀ dání, òjò ń pa á. Mo ní áńgẹ́lì ṣá ni, kí lòjò fẹ́ fi í ṣe?"

Mo rántí ilẹ̀kùn àwọn méjèèjìlá tí mo bá wá ilẹ̀, tí èmi ṣì wà níta. Mo sunkún níbẹ̀, níwájú àwọn àgbà, ojú ò sì tì mí.

Ìyá Abraham kó ọgọ́ta náírà lé mi lọ́wọ́, kò yọ kọ́bọ̀ kan.

Ilé mi wà lẹ́yìn tirẹ̀ báyìí. Bí òjò bá ti ṣú, ohùn rẹ̀ á gba orí ọgbà wá: "Jàfárù, ṣé o ti wọlé?"

"Mo ti wọlé, mà."