Ọjọ́ tí Mojọlá Jiyàn ní Ẹ̀fọ̀n

“Èyí tó wọ gíláàsì yẹn, ọmọ mi ni.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bánjọ ti sọ ọ́ fún bàbá àgbàlagbà tó jókòó tì í nínú gbọ̀ngàn, bàbá náà sì ń rẹ́rìn-ín. “Mo ti gbọ́, dẹ́rẹ́bà. Jẹ́ kí ọmọ ọ̀hún sọ̀rọ̀ ká gbọ́ jàre.”

Ta ni yóò bá Bánjọ wí? Ọmọ awakọ̀ ojú ọ̀nà Ìkòrò ló dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn! Ọdọọdún ni yunifásítì máa ń ṣe àpérò lórí ọ̀rọ̀ ajé àti ètò ìlú, èdè òyìnbó ni wọ́n sì máa ń fi sọ ọ́ láàárín ara wọn. Lọ́dún yìí ni wọ́n gbé e wá sí Ẹ̀fọ̀n, wọ́n ní Yorùbá ni kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi jiyàn kí tẹrútọmọ lè gbọ́. Mojọlá ò sọ fún bàbá rẹ̀ rárá. Orí rédíò ló ti gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀, ló bá pa iṣẹ́ tì lọ́jọ́ ọjà, ó wọ bùbá tí Florence ìyàwó rẹ̀ rán fún un kó tó kú.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé kí ìjọba ti àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà lábúlé, kó wá pèsè ọkọ̀ tí yóò máa gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ńlá? Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní kí wọ́n má tì í, àwọn ará ìlú pàtẹ́wọ́. Mojọlá ní kí wọ́n tì í.

“Ẹ̀yin àgbà,” ló wí, “ilé ìwòsàn tí kò ní dókítà, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ láti fún aláìsàn, àìsí rẹ̀ sàn ju wíwà rẹ̀ lọ, torí ẹ máa gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo mọ obìnrin kan lábúlé tí oyún wálẹ̀ lára rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ọkọ rẹ̀ ní mọ́tò. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni ọsibítù ńlá sí wọn. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn wà lábúlé, ni ọkọ bá lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa, ó ń retí nọ́ọ̀sì. Wákàtí kan àbọ̀! Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọsibítù ńlá, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè dé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ká ní kò sí ilé kankan níbẹ̀, ṣebí tààrà ni ọkọ rẹ̀ ì bá gbé e lọ?”

Àtẹ́wọ́ bẹ́ nínú gbọ̀ngàn.

“Irú ọkọ wo nìyẹn?” ni bàbá tó jókòó ti Bánjọ wí. “Ó ní mọ́tò nínú ulé, ó tún lọ dúró! Dẹ́rẹ́bà, ọmọ rẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ o.”

Bánjọ ò lè pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko lẹ́yìn ikú Florence ni òun àti ọmọ yìí ti jọ ń gbé, wọn ò mẹ́nu ba wákàtí kan àbọ̀ yẹn rí. Ẹni mẹ́ta péré ló wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, ọ̀kan ti wà nínú ilẹ̀. Ó dìde, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò ríbi tó gbé mọ́tò sí mọ́.

“Bàámi! Ẹ dúró!”

Mojọlá sáré bá a, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ìbò ni wọ́n fi pín wa, èmi kọ́ ni mo yan apá yẹn.”

“Ìbò ló ní kí o sọ ti ìyá rẹ?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé òótọ́ ni? Ká ní tààrà la lọ, ṣé Florence ì bá yè?”

Ọmọ tó dá ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta lóhùn láìkọsẹ̀ wá bú sẹ́kún.

“Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá wí, Bàámi. Èmi ni. Orí Màámi wà lórí itan mi. Mo ní ká máa lọ, ṣùgbọ́n ohùn mi ò jáde, ẹ ò gbọ́. Ẹ̀rù bà mí láti pariwo mọ́ yín. Ká ní mo pariwo ni! Ìdí tí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ ajiyàn nìyẹn, kí n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ síta.”

Yéè! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bánjọ lè dákẹ́. Tó bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ yóò máa fẹ́ràn rẹ̀ lọ, yóò sì máa fi ẹ̀bi yìí pa ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Dìde, Mojọlá. Mo gbọ́ ọ.”

“Ẹ gbọ́ kí ni?”

“Lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì lo sọ pé ká máa lọ. Méjèèjì ni mo gbọ́. Mo ní kí ni ọmọdé mọ̀.”

Mojọlá yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

“Ọdún mẹ́rin, Bàámi. Ọdún mẹ́rin lẹ fi wò mí níran.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Bánjọ wí.

Wọ́n ń pe orúkọ Mojọlá nínú gbọ̀ngàn pé òun ló gbégbá orókè. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó yí padà, ó ń lọ sínú gbọ̀ngàn. Bàbá rẹ̀ ò pè é.