Ìlà Pupa Ara Ife

"Ṣé mi ò lójú ni? Ìlà nìyí. Mi ò dín in, mi ò fi kún un."

Aránṣọ gbé ife rọ́bà síwájú ọkọ rẹ̀, ó ń tọ́ka sí ìlà pupa tó fi ọ̀dà èékánná fà sí i lára. Ọkọ rẹ̀ kò tiẹ̀ lè wò ó. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ṣúgà tó ń mu sì ń ta sí i láyà. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

"Adájọ́ mi, a-fi-tépù-ṣe-ìlẹ̀kẹ̀," ni ọkùnrin náà wí nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, "mi ò pẹjọ́. Ebi ló ń pa mí."

"Ebi kẹ̀? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán."

"Ẹni tó wakọ̀ fọ́gbọ̀n ọdún mọ̀gbà tí epo ò kún táǹkì."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Nígbà tí àtọ̀gbẹ wọlé wọn, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún un: gíráàmù márùndínlọ́gọ́rin makaróní gbígbẹ ló bá abẹ́rẹ́ ọ̀sán mu. Bó bá dín, abẹ́rẹ́ á fa ṣúgà ara ọkọ rẹ̀ wálẹ̀ jù, ó sì lè mú kó dákú. Kò ní òṣùwọ̀n nílé, ló bá gbé ife àti makaróní lọ sọ́dọ̀ alápatà. Wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ẹran, ó sì fa ìlà síbi tó dé. Oṣù mẹ́rin gbáko, ìlà náà kò já a kulẹ̀.

Ó pe nọ́ọ̀sì.

"Mà, ṣé ẹ̀ ń wọ̀n ọ́n?"

"Ife kan náà, ìlà kan náà."

"Ẹ máa wọ̀n ọ́n dáadáa, mà. Ẹ mú bàbá wá lọ́la."

Dáadáa. Bí ẹni pé ojú ló fi ń bù ú. Olúwa, ó wí lọ́kàn rẹ̀, èmi tí mò ń ṣọ́ ọ bí ẹyin, ṣé èmi náà ni n ó febi pa á?

Ó fìbínú padà sídìí máṣíìnì. Aṣọ oníbàárà kan wà nílẹ̀, ọ̀pá mẹ́ta léèsì, ọ̀pá mẹ́ta àrán. Ó fi tépù wọ̀n wọ́n, wọ́n dọ́gba. Ó gbé léèsì lé apá òsì, ó gbé àrán lé apá ọ̀tún. Apá ọ̀tún já wálẹ̀.

Ó dúró gbagidi. Makaróní kékeré tí wọ́n máa ń rà ti tán ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Èyí tó lọ́ bí okùn ló rà dípò rẹ̀.

Ó wọ ilé ìdáná, ó bù ú dé ìlà, ó sì yọjú wo inú ife. Àlàfo ló pọ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ti ń bù fún ọkọ rẹ̀.

Alápatà da makaróní náà sórí òṣùwọ̀n. "Àádọ́ta gíráàmù péré, ìyá aránṣọ."

Nígbà tó padà dé, ọkọ rẹ̀ ṣì wà lórí àga. "Adájọ́, báwo ni ìdájọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ jàre."

"Kí lo wí?"

"Ẹ ti gbọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí n tún un wí." Ó jókòó tì í, ó nu àyà rẹ̀ tí omi ṣúgà ti gbẹ mọ́. "Láti ọ̀la, n ó máa yà lọ́dọ̀ alápatà kí n tó gbé ìkòkò kaná, títí a ó fi ní òṣùwọ̀n tiwa."

"Ife ńkọ́?"

Ó ti ń fi èékánná họ ìlà pupa náà kúrò. "Bọ́tìnnì ni n ó máa kó sí i. Kíkà là ń ka ìyẹn."